Àbọ̀ ọ̀rọ̀ kámẹ́rà mi: mi ò kúrò lọ́dọ̀ Canon mọ́

Ẹ̀yin ará mi, mo ní kí n wá jábọ̀ ká lè pa ọ̀rọ̀ yìí dé. Mo bi yín nígbà yẹn pé ṣé kí n lọ sí Sony bí mo ṣe fẹ́ kúrò lórí Canon 90D mi bọ́ sórí full-frame, ìyẹn kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ tó ń gba àwòrán nínú ẹ̀ tóbi ju ti 90D lọ. Canon náà ni o, R6 Mark II ni mo mú.

Lẹ́ńsì ló bá mi pinnu ẹ̀, kì í ṣe bọ́dì. Àwọn lẹ́ńsì EF tí mo ní (irú tí Canon ṣe fáwọn kámẹ́rà ẹ̀ ti tẹ́lẹ̀), 85mm f/1.8 àti 70-200mm f/4, ń ṣiṣẹ́ dáadáa pẹ̀lú ádápítà EF-EOS R tó ń so wọ́n mọ́ kámẹ́rà tuntun yìí, kò sí gíláàsì kankan nínú ẹ̀ tó lè ba àwòrán jẹ́, fókọ́ọ̀sì tún wá ń di ojú èèyàn mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́ńsì EF-S 17-55 mi, tí wọ́n ṣe fún sẹ́ńsọ̀ kékeré bíi ti 90D, nìkan ni màá tà, torí tí mo bá fi síbẹ̀ kámẹ́rà á gé àwòrán, 24 mẹ́gápíksẹ́lì á ku bíi 9, kí wá ni àǹfààní full-frame tí mo rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní lẹ́ńsì Sigma àti Tamron (àwọn ilé iṣẹ́ míì tó ń ṣe lẹ́ńsì) pọ̀ fún Sony gan-an, òótọ́ pọ́ńbélé ni, ká ní mi ò tíì ní lẹ́ńsì kankan ni, ibẹ̀ ni ǹ bá lọ. Àmọ́ kí n ta gbogbo ẹrù mi ní pọ́ọ́kú kí n tún wá máa rà á padà lọ́kọ̀ọ̀kan, rárá o. Ẹ ṣé gan-an, pàápàá ẹni tó ní kí n háyà méjèèjì wò ná, ìmọ̀ràn yẹn ràn mí lọ́wọ́ jù.