Èsì: "ìfèsì-àjẹsára" kọ́ o, ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀gbọ́n wa ní Àjàṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka "ìfèsì-àjẹsára" tí ẹ dá sílẹ̀ fún ohun tí ara ẹlẹ́jẹ̀-àìdá, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá (hemophilia), ń ṣe bí wọ́n bá gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B (hepatitis B). Réponse àwọn Faransé, ìyẹn "èsì", lẹ wọ dàńṣíkí fún. Ẹnu ló ń fèsì. Ẹ̀jẹ̀ ò lẹ́nu.

A ti ní ọ̀rọ̀ "jẹ́". Ẹni tí a pè, ó jẹ́. Oògùn tí a lò, ó jẹ́. Èwo la tún ń wá kiri? Àwọn àgbà Kétu tó tọ́ mi, "Ṣé ó jẹ́?" ni wọ́n ń béèrè. Lóṣù kan sí méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kẹta, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí àǹtíbọ́dì, ọmọ ogun tí ara ń ṣe láti bá kòkòrò jà, bá pé ìwọ̀n 10 mIU/mL, ó jẹ́ nìyẹn. Bí kò bá pé, kò jẹ́, wọ́n á tún gún un ní mẹ́ta mìíràn. Oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tán.

Ẹ ní àmì òkè orí jẹ́ á sọnù lórí fóònù, á wá di jẹ inú àjẹsára. Ẹjọ́ fóònù nìyẹn. Ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè fi àmì sọ́rọ̀ kò yẹ kó máa dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún dókítà.

Àbúrò wa ti Sábẹ̀ ní "àìdì" ló tọ́, kì í ṣe "àìdá". Mi ò gbà. Ẹ̀jẹ̀ inú àwo ló ń dì. Ti ojú ọgbẹ́, dídá ló ń dá. Pé kò ní dá ni ìyá ọmọ ń bẹ̀rù, òun ni wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún un sábẹ́ awọ, tí wọ́n á tẹ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì ó kéré tán, láìfọwọ́ ra á.

Ibi tó bí mi nínú jù ni bí ẹ ṣe kọ ọ́ bí ẹni pé àìdá ẹ̀jẹ̀ ni kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́. Rárá o. Àwọn ẹlẹ́jẹ̀-àìdá tí HIV wà lára wọn ni kì í tètè jẹ́ fún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì kó o láti inú oògùn tí wọ́n ń ti ara ẹ̀jẹ̀ ọlọ́ẹ̀jẹ̀ ṣe, ṣáájú 1985. Nígbà tí Blumberg, dókítà ará Amẹ́ríkà, kéde ní 1965 ohun tó rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà kan, tó padà já sí ara kòkòrò mẹ́dọ̀wú B, àǹtíbọ́dì inú ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀-àìdá kan tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra ló fi dá a mọ̀. Abẹ́rẹ́ ò tíì dé ayé, ara ẹlẹ́jẹ̀-àìdá yẹn ti jẹ́.

Ti ẹni tó ní ká pa "mẹ́dọ̀wú" tì, ká máa wí "ẹ̀dọ̀-wíwú": kòkòrò náà ló mú ẹ̀dọ̀ wú. Ibo lẹ fẹ́ gbé "mú" sí?