Irin gọ́ọ̀fù tuntun tí wọ́n wọ̀n mọ́ mi lára, bọ́ọ̀lù ń yà sósì: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Bàbá Ṣàgámù:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ojú mi rí nǹkan láàárín oṣù mẹ́ta yìí lórí irin gọ́ọ̀fù. Tèmi rèé. Kí ẹni tó bá ní tirẹ̀ náà sọ ọ́, kó má dà bíi pé èmi nìkan ni mo ya òmùgọ̀.

Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń gbá gọ́ọ̀fù, àkójọ irin kan ṣoṣo ni mo sì fi ń gbá a. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ló fún mi lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin kúkurú ni ọ̀gá náà, èmi ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Ẹ ti mọ bó ṣe máa rí: ọ̀pá kúrú fún mi, àfi kí n bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń ro oko ẹ̀gẹ́ kí orí irin tó kanlẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlógún nìyẹn, ẹ̀yìn mi lẹ́rìí.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin bímọ nílùú òyìnbó, èmi àti ìyá rẹ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀ ń gbá gọ́ọ̀fù, ló bá mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn irin fún ènìyàn. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ fi téèpù wọ̀n mí láti ọrùn ọwọ́ dé ilẹ̀, bíi télọ̀ tó fẹ́ rán agbádá. Ó gbé mi sórí koríko oníke, ó gbé àpótí kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù, òun ló ń ka bí bọ́ọ̀lù ṣe yára tó àti ibi tó dorí kọ. Ó ní wọ́n máa fi ìdajì ínǹṣì kún ọ̀pá, wọ́n á sì tẹ ọrùn irin, ibi tí ọ̀pá ti wọ orí irin, sókè ní dígírì méjì kí ọ̀pá lè nàró sí i, torí pé imú irin, ìyẹn ìparí orí irin tó jìnnà sí ọ̀pá, ló ń kọ́kọ́ kanlẹ̀ fún mi. Kò yéé sọ fún mi pé kí n nàró. Èyí tó fún mi dán wò, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ tààrà bí òwú. Jákẹ́ẹ̀tì òtútù wà lọ́rùn mi nígbà yẹn o, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ má bi mí ní iye owó rẹ̀. Ọkọ ọmọ mi ló san án, ọmọ Rẹ́mọ sì ni mí, mi ò bá a jiyàn.

A padà sílé nínú oṣù Kejìlá, nínú ọyẹ́. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan wà nítòsí wa ní Ṣàgámù tí wọ́n máa ń jẹ́ kí n lò nírọ̀lẹ́ kí n tó lọ sí pápá gọ́ọ̀fù Ìkẹjà lọ́jọ́ Sátidé. Mo gbé irin 7 jáde (bí nọ́ńbà ara irin bá ṣe kéré tó ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń jìnnà tó), mo gbá a. Bọ́ọ̀lù yà sósì, ó kọjá igi góòlù, ó wọ inú ìbẹ́pẹ lọ. Mo gbá òmíràn, òun náà yà sósì. Mo gbá ogún, kò sí èyí tó lọ síwájú nínú wọn. Àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹko lápá ibẹ̀ ló tètè gbọ́n jù mí lọ, nígbà tó di ọjọ́ kẹta, bí wọ́n bá ti rí mi tí mo ń bọ̀ pẹ̀lú báàgì, apá ọ̀tún ni wọ́n ń lọ.

Ẹ gbọ́ ẹni tí mo dá lẹ́bi. Mo ní àwọn tó wọ̀n mí ò mọṣẹ́. Mo ní àwọn tó ń ju ẹrù sínú ọkọ̀ òfurufú ló tẹ irin mi wọ́. Ìyàwó mi ní ṣé bóyá ojú mi ni, mo bínú sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo yọ́ gbé irin àtijọ́ jáde. Irin àtijọ́ náà ò mọ̀ mí mọ́! Ó ń lọ sósì, ó ń lọ sọ́tùn-ún, bó ṣe wù ú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀rù bà mí.

Kádì kan wà tó máa ń gbé báàgì fún mi ní Ìkẹjà, ọmọ Ògìjo ni. Mo pè é, ó wá lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kò wo bí mo ṣe ń gbá a rárá. Ó yọ máàkà dúdú kan lápò, ó fa ìlà kan sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù, láti òkè wá sísàlẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ kí ìlà náà dúró ṣánṣán, kó kọjú sí irin. Ó ní, “Dádì, ẹ gbá a.” Mo gbá a. Ó gba irin lọ́wọ́ mi, ó fi ojú irin hàn mí. Ìlà máàkà ti tẹ̀ sára rẹ̀, ṣùgbọ́n orí ìlà náà dà sí apá imú irin, bí òpó iná tí ọkọ̀ kọlù. Ó ní ìyẹn ni pé gìgísẹ̀ irin, ibi tó so mọ́ ọ̀pá, ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, imú wà lókè, ojú irin bá wo òsì.

Mo ní, “Ṣé o rí i? Ọrùn rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ jù.”

Ó ní, “Rárá, sà. Ẹ nàró.”

Ó fi ọwọ́ kan ti ìbàdí mi, ó fi èkejì gbé àyà mi sókè díẹ̀. Ó fi aṣọ nu ojú irin, ó fa ìlà sí bọ́ọ̀lù mìíràn. Mo gbá a. Ìlà dúró lójú irin ṣánṣán, kò dà síbì kankan. Ọmọ náà wò mí, ó ní, “Dádì, ẹ̀yin lẹ ṣì ń bẹ̀rẹ̀ fún irin kúkurú.”

Ẹnu mi wọhò. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù náà ṣì yà sósì o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lọ jìnnà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn sí rèé. Irin àtijọ́ dùbúlẹ̀ jù fún mi, ọ̀tún ló yẹ kí bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa lọ. Ọrùn ọwọ́ mi ti kọ́ ọgbọ́n kan láti ọjọ́ pípẹ́, ó máa ń yí padà wìrì bí irin bá ti fẹ́ kan bọ́ọ̀lù, kó lè fà á padà sáàárín. Mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é. Ní báyìí, irin tó tọ́ wà lọ́wọ́ mi, ọrùn ọwọ́ mi ṣì ń tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Láti ọjọ́ náà, irin 9 nìkan ni mò ń gbá, ìfì ìdajì, ọwọ́ kì í ga ju ìbàdí lọ, ọgbọ̀n bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Mo ti kó irin àtijọ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọkùnrin kúkurú ni.

Ẹ̀yin tó ti ṣe irú èyí, ọ̀sẹ̀ mélòó ló gbà yín?

Nọ́ọ̀sì Ìpẹru:

Bàbá, ẹ kú àìsinmi. Mo rẹ́rìn-ín nípa àwọn ewúrẹ́ yẹn títí aláìsàn kan fi bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Tèmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ gíga, ọ̀rọ̀ ìwúwo ni. Irin ọkọ mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá onírin gidi. Bí mo bá gbá bọ́ọ̀lù àádọ́ta, lọ́jọ́ kejì mi ò lè gbé kẹ́túlù, ìgúnpá mi á máa ta. Nígbà tí wọ́n wọ̀n mí, wọ́n ní ọ̀pá graphite ló yẹ mí, èyí tó fúyẹ́, tó sì máa ń tẹ̀ díẹ̀. Ó fúyẹ́ lóòótọ́! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, mi ò mọ ibi tí orí irin wà. Tí mo bá gbé e sókè, àfi bíi pé mo gbé ìgbálẹ̀. Mo máa ń sáré mú un sọ̀kalẹ̀ kó tó débi tó yẹ kó dé, mo sì ń gbá orí bọ́ọ̀lù, ó ń yí gbirigbiri lọ nílẹ̀.

Ohun tó gbà mí ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka “ẹni, èjì” sínú bí mo ṣe ń fì í. Ẹni, ó ti dókè. Èjì, ó ń bọ̀. Tí ẹ bá gbọ́ mi tí mò ń ka nǹkan lábẹ́lẹ̀ lórí pápá, kì í ṣe ọfọ̀.

Ẹ sì wo jákẹ́ẹ̀tì yẹn dáadáa. Òun ló so apá yín mọ́ra tí ọrùn ọwọ́ kò fi ráyè ṣe àrà rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀wù bùbá lẹ wọ̀ ní Ṣàgámù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ̀yin tó ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ dúpẹ́. Ẹ wá gbọ́ ti aláìgbọ́n.

Irin tèmi tòkunbọ̀ ni, mo rà á ní gbàǹjo. Mo kà níbì kan pé wọ́n lè tẹ ọrùn irin kó bá ènìyàn mu. Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ tí alágbẹ̀dẹ ò lè tẹ̀? Ẹni tó ń rọ àdá àti ọkọ́ fún gbogbo àdúgbò! Mo gbé irin 6 lọ bá bàbá náà. Mi ò sọ fún un pé gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ orí rẹ̀ mọ́ ọ̀pá, torí èmi gan-an ò mọ̀. Ó tì í bọ iná, ó fẹ́ ewìrì. Kò pẹ́ tí òórùn kan fi gba gbogbo abà, bíi rọ́bà tó ń jó, orí irin bá yọ, ó já bọ́ sínú ẹyín iná. Bàbá fi ẹ̀mú mú un jáde, ó gbé e sórí owú, ó fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Pàà! Ọrùn dá.

Bàbá wo ọrùn náà, ó wò mí. Ó ní, “Irin dídà lèyí, kì í ṣe irin rírọ.”

Òótọ́ ló sọ, ó kàn jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ ni. Irin gọ́ọ̀fù méjì ló wà. Èyí tí wọ́n rọ máa ń rọ̀, wọ́n lè fi ẹ̀rọ tẹ ọrùn rẹ̀ ní tútù, láìsí iná rárá. Èyí tí wọ́n dà sínú àwo le gan-an, kò gbà ju dígírì kan sí méjì lọ, ó sì lè kán mọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ọ̀hún pàápàá lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ òwe pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn o, orí irin ṣì kán.

Láti ìgbà náà, láti irin 5 ni mo ti ń fò sí 7. Mi ò tíì ra òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́nnẹ́:

Bàbá Ṣàgámù, ẹ ò sọ̀rọ̀ lórí bó ṣe ń jìnnà sí. Ẹ yẹ ojú irin yín wò. Irin 7 ayé àtijọ́, ojú rẹ̀ máa ń kọjú sókè ní nǹkan bíi dígírì 34 tàbí 35. Ọ̀pọ̀ ti ìsinsìnyí jẹ́ 30, àwọn kan kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Irin 6 àtijọ́ ni wọ́n kọ 7 sí lára. Mo ń fi 7 àtijọ́ gbá 140 yáàdì, tuntun ń gbé e dé 155, mo sì ń yangàn kiri títí ẹnì kan fi ṣí mi lójú.

Wàhálà rẹ̀ wà nísàlẹ̀ báàgì. Pitching mi, irin tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù sókè síbi tó sún mọ́, di dígírì 44, sand mi, irin inú yanrìn, sì wà ní 56 rẹ̀. Àlàfo dígírì 12! Tí bọ́ọ̀lù bá ku 100 yáàdì, mi ò ní irin kankan tó bá a mu: ọ̀kan á kọjá, èkejì á kúrú. Mo ní láti ra dígírì 50 sáàárín wọn, òfin sì ní ọ̀pá kò gbọ́dọ̀ ju 14 lọ nínú báàgì, mo bá yọ irin 4 kúrò. Mi ò sunkún rẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n gbá tẹ́lẹ̀.

Kádì Ògìjo:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni kádì tí Dádì ń sọ. Wọn ò sọ fún yín pé wọ́n ra gààrí Ìjẹ̀bú àti ẹ̀pà fún mi lọ́jọ́ náà, omi tútù gidi ni a fi mu ún lábẹ́ igi, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba.

Nǹkan kan ni mo fẹ́ fi kún un. Orí koríko oníke yẹn máa ń tan ènìyàn jẹ. Tí irin bá kan ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, ńṣe ló máa ń yọ̀ lọ bá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù á sì lọ dáadáa. Lórí ilẹ̀ pupa tiwa nínú ọyẹ́, ilẹ̀ ti gan bíi kọnkéré, irin á ta sókè, á gbá ọrùn bọ́ọ̀lù. Ẹ máa wo ilẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbá a tán: iwájú ibi tí bọ́ọ̀lù wà ló yẹ kí irin ti há ilẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn.

Àwọn tó bá ń lo irin ilé-iṣẹ́ Ping, àmì aláwọ̀ kékeré kan wà lórí irin yín. Dúdú ni ti gbogbogbòò, búlúù ló nàró jù ú lọ díẹ̀, pupa ló dùbúlẹ̀ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo àmì náà kẹ́ ẹ tó nàwó.

Bàbá Ṣàgámù:

Ẹ ṣé o. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, mo ka tìrẹ fún ìyàwó mi, ó ní kí n má gbé irin kankan gba iwájú alágbẹ̀dẹ kọjá láéláé.

Mo lọ sí Ìkẹjà ní Sátidé tó kọjá, ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé. Mo nàró, mo mú ọrùn ọwọ́ mi dákẹ́, mo ka “ẹni, èjì” bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ihò mẹ́rin àkọ́kọ́, ó lọ tààrà. Ní ìkarùn-ún, bọ́ọ̀lù yà, àwa méjèèjì wò ó títí ó fi wọ inú igbó. Ọ̀tún ló lọ.

Kádì ò sọ nǹkan kan. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń wá máàkà lápò.