Báwo ni mo ṣe máa gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kérésì ti dé tán, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Ọ̀yọ́ là ń gbé, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ la ti máa ń ṣọdún nílé bàbá wa. Mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi la jọ máa ń bá lọ. Àlọ kì í ní wàhálà. Àbọ̀ ni.

Lọ́dún tó kọjá, ẹmu ló fi bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sórí bíà, àwọn àna tún gbé ògógóró jáde. Bó ṣe ní kóun fi rìfáàsì, ó gbá dúrọ́ọ̀mù omi ìyá wa dànù. Mo ní ká sùn, ó ní, "Mo mọ ọ̀nà yìí bí ẹni mowó." Ìyàwó rẹ̀ fún un ní kọfí, ó bu omi tútù sójú, la bá gbéra. Mo ti wá mọ̀ pé kò sí èyí tó ń lé ọtí kúrò lára nínú méjèèjì, àfi kéèyàn sinmi fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọmọ mẹ́ta ló wà lẹ́yìn mọ́tò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tírélà tí kò tanná sì wà lẹ́bàá títì.

Èmi náà mọ mọ́tò wà, n kì í sì í mutí. Ṣùgbọ́n àbúrò ni mí, obìnrin sì tún ni mí. Tí mo bá já kọ́kọ́rọ́ gbà lójú àna, wọ́n á ní mo tàbùkù rẹ̀. Mo rò ó pé kí bàbá wa ti gbà á sọ́wọ́ kí ìgò kankan tó ṣí (bàbá náà kì í kúkú fi ẹmu ṣeré). Àbí ká sùn síbẹ̀ mọ́jú? Ẹ̀yin tó ti ṣe irú ẹ̀ rí, kí lẹ sọ tí kò fi dìjà?