Ọmọ mi ò tíì sọ̀rọ̀, báwo la ṣe fẹ́ máa gbọ́ra wa yé nílé?

Ìyá Àbíkẹ́yìn: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin òbí. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 4, ọsibítù ní ọ́tísíìmù ni (pé ọpọlọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀), wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò, ó ń gbọ́ dáadáa, àmọ́ kò sọ nǹkan kan. Tó bá fẹ́ nǹkan á fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí fìríìjì, màá wá máa mú un jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ni? mínírà ni? kí n tó mọ̀ ọ́n ó ti lulẹ̀ tó ń figbe ta. Ìyá ọkọ mi ní kí n febi pa á títí á fi dárúkọ oúnjẹ, àwọn kan tún ní tí mo bá fún un ní fọ́tò tí á fi máa tọrọ nǹkan, á ya ọ̀lẹ, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ọ̀wọ́n: Ẹ kú ìrọ́jú mà. Ọ̀rọ̀ ebi yẹn, ẹ fọgbọ́n kọ̀ fún màmá, ọmọ tó bá lè sọ ọ́ ì bá ti sọ ọ́. Ti ọ̀lẹ yẹn, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún 2006, nínú àwọn tó ń fi ọwọ́ tàbí àwòrán sọ̀rọ̀ tí wọ́n tọpa wọn dáadáa wọn ò rí ìkankan tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ dín kù, èyí tó pọ̀ jù tiẹ̀ sọ̀rọ̀ sí i. Ẹ fi fóònù ya bísíkíìtì tó ń jẹ gan-an, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fi sẹ́lótéèpù bò ó kí itọ́ má bà á jẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, èèyàn méjì ló dáa. Ẹ jókòó síwájú ẹ̀ kẹ́ ẹ di bísíkíìtì mú, bàbá ẹ̀ á wà lẹ́yìn, tó bá ti nawọ́, bàbá á rọra darí ọwọ́ ẹ̀ kó mú fọ́tò kó fi lé yín lọ́wọ́, lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ fún un kẹ́ ẹ sì pe "bísíkíìtì!" Ẹni ẹ̀yìn ò gbọdọ̀ lanu o.

Bàbá Peckham: Òótọ́ ni, àmọ́ kó má mọ sórí oúnjẹ. Fọ́tò oúnjẹ nìkan lọ̀pọ̀ wa ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ọmọ ò wá rí ọ̀nà sọ pé "mi ò fẹ́", "ó tó", "ó ń dùn mí". Kẹ́yin náà máa fọwọ́ kan fọ́tò bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá ń bu omi ẹ fọwọ́ kan fọ́tò omi. App Cboard wà, ẹ lè fi fọ́tò tiyín síbẹ̀ kẹ́ ẹ ká ohùn yín sílẹ̀ ní Yorùbá, tó bá tẹ̀ ẹ́ ohùn ìyá ẹ̀ ló máa gbọ́, kì í ṣe ti òyìnbó tí ò lè pe àmàlà. Tẹ́ ẹ bá bi í ní nǹkan ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ má sáré bá a dáhùn (àwa Yorùbá ò kúkú mọ̀ ọ́n dákẹ́).

Tíṣà Ìlọrin: Tó bá ń fa fọ́tò ya, ẹ fi àmì ọwọ́ kọ́ ọ, "wá", "ó tán", "sí i". Àwọn ọmọ kan tí mo kọ́, ọwọ́ ni wọ́n yára mú. Kí gbogbo ilé sáà máa ṣe é bákan náà, títí kan màmá àgbà.

Ìyá Àbíkẹ́yìn: Ẹ ṣé gan-an. Tó bá wá ń gbé fọ́tò bísíkíìtì wá ṣáá ńkọ́? Mo mọ̀ ọ́n, á fẹ́ jẹ páálí tán.

Ìyá Ọ̀wọ́n: Níbẹ̀rẹ̀ ẹ fún un ní ègé kékeré kékeré, kó lè mọ̀ pé fọ́tò yẹn ń ṣiṣẹ́. Tó bá yá, ẹ má gbé fọ́tò pamọ́ o, ẹnu ẹ̀ lẹ gbé pamọ́ yẹn. Ẹ fi páálí òfìfo hàn án, ẹ ní "ó tán", kẹ́ ẹ wá na fọ́tò ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí àkàrà sí i. Á kọ́kọ́ ké o.