Ta ni ó ti bímọ láìpé oṣù láàárín wa, kí sì ni wọ́n sọ pé ó fà á?

Ìyálọ́jà Kàbà: Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Oyún àbúrò mi wà ní ọ̀sẹ̀ 32 nígbà tí ìrọbí mú un lójijì. Dókítà ní kòkòrò inú ìtọ̀ ni ó fà á, bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ kò ta á, ara rẹ̀ kò sì gbóná. Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí?

Màmá Ìbejì, Ìsánlú: Ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Kí n tó lóyún ni làkúrègbé ti ń bá mi jà, oríkèé ọwọ́ mi a sì máa wú lówùúrọ̀ débi pé n kò lè di ọmọ odó mú. Nígbà tí oyún wọ oṣù kẹrin, gbogbo rẹ̀ lọ bí ẹni pé a fi ọwọ́ mú un kúrò. Mo gún iyán, mo lọ sóko, ìyá ọkọ mi sì ń sọ kiri pé àgbo òun ni. Kò pẹ́ tí mo bímọ tí ìrora náà fi padà, ó tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àgbo náà kan náà ni mo sì ń mu.

Ọmọ Mọ̀pà: Ẹ jẹ́ kí a bi ìyá ọkọ Màmá Ìbejì bóyá ó ti gbàgbé láti sọ ewé kan sí i.

Ẹ̀gbọ́n Òjò: Kì í rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Làkúrègbé tèmi kò rọlẹ̀ rárá títí mo fi bímọ.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí: Òótọ́ ni, kò kárí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Philip Hench, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1938 pé ó máa ń rọ ọ̀pọ̀ aláboyún lọ́rùn. Làkúrègbé irú èyí, àwọn ọmọ ogun ara, tí ó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà, fúnra wọn ni ó ń bá oríkèé jà. Ìdajì ohun tí ó wà lára ọmọ inú sì ti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ wá, nítorí náà àjèjì ni lójú ara ìyá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pẹ̀tù sí ìjà a pọ̀ sí i, kí oyún lè dúró, ìjà inú oríkèé a sì rọlẹ̀ pẹ̀lú.

Bàbá Ògìdì: Bí àwọn ọmọ ogun ara bá ti rọlẹ̀, a jẹ́ pé aláboyún kò ní ààbò kankan nìyẹn. N kò gbà á gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí: Wọn kò sùn, bàbá, iṣẹ́ wọn ni ó yí padà. Bí kòkòrò bá gòkè wọ ilé ọmọ, wọn a dìde sí i, ìjà wọn a sì mú kí ara tú ohun tí ń mú ilé ọmọ súnkì jáde kí ọjọ́ tó pé. Ìdí nìyí tí a fi ń gba ìtọ̀ fún àyẹ̀wò lọ́wọ́ aláboyún tí kò sọ pé nǹkan ń ṣe òun.

Ìyá Àkọ́bí, Lọ́kọ́jà: Ibà ni wọ́n sọ pé ó fa tèmi. Oyún àkọ́kọ́ ni, wọ́n sì ní àwọn kòkòrò ibà ti fara pamọ́ sínú ibi ọmọ. Àwọn ará ilé ọkọ mi ní ayé ni.

Bàbá Ògìdì: Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìka ìyàwó mi wò, kò sí ibà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí: Ó lè má hàn ní ìka kí ó sì wà nínú ibi ọmọ. Oyún àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń le jù, nítorí pé ara kò tíì mọ irú kòkòrò ibà tí ń lẹ̀ mọ́ ibi ọmọ. Láti ọ̀sẹ̀ 13 oyún ni a ti ń fún àwọn aláboyún ní oògùn tí ń dènà ibà, ó kéré tán ìgbà 3, oṣù kan láàárín wọn.

Ẹ̀gbọ́n Òjò: Nọ́ọ̀sì a sì dúró tì ọ́ títí ìwọ yóò fi gbé e mì.

Ìyálọ́jà Kàbà: Àyà ni wọ́n ń gbé ọmọ àbúrò mi sí báyìí kí ara rẹ̀ lè móoru. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ fẹ́ pe gbogbo ìdílé wá fún ìsọmọlórúkọ.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí: Ẹ dín èrò kù, ìyá. Oṣù tí ó kẹ́yìn ni ìyá máa ń fún ọmọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun ìjà àrùn nípasẹ̀ ibi ọmọ. Díẹ̀ ni irú ọmọ yìí rí gbà. Ẹni tí ó bá ní ikọ́ kò gbọdọ̀ gbé e.

Bàbá Ògìdì: Ta ni yóò sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ pé kò gbọdọ̀ gbé ọmọ?

Ọmọ Mọ̀pà: Ẹ gbé iyán síta, kí ọmọ wà ní yàrá. N kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò bèèrè rẹ̀.