"Nice": èébú ni tẹ́lẹ̀, àbí?

Àdùkẹ́_Gírámà: Ẹ̀yin olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bí "nice" bá jáde nínú ìwé àtijọ́, báwo ni ẹ ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ fáwọn ọmọ?

Tíṣà_SS3: Ọdún tí wọ́n kọ ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Látìnì ni gbòǹgbò rẹ̀: "ne" ni kò, "scire" ni mọ̀, "nescius" wá di aláìmọ̀kan. Faransé àtijọ́ gé e kúrú sí "nice", òmùgọ̀. Bó ṣe wọ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn ní nǹkan bí ọdún 1300. Ó di onítìjú, ó di ẹni tí nǹkan kì í tẹ́ lọ́rùn bọ̀rọ̀, ó di ohun tó péye. "Ó dára" kò gbilẹ̀ títí di ọ̀rúndún 18.

BàbáÌyábọ̀: Wọ́n ń bú mi, mò ń dúpẹ́ 😂

Akin_Ìjẹ̀bú: Ṣé kì í ṣe ìlú Nice ní Faransé ló ti wá? Etíkun ibẹ̀ rẹwà.

Tíṣà_SS3: Rárá o. Níkaia ni àwọn Gíríìkì pe ìlú yẹn, láti ara "níkē", ìṣẹ́gun. "Nís" ni wọ́n sì ń pè é. Wọ́n kàn jọra lójú ìwé ni.

Mọ́remí_k: "Scire" yẹn náà ló bí "science". Onímọ̀ àti aláìmọ̀kan, ọmọ ìyá kan náà!

Olóotú_Ìbàdàn: Dikíṣọ́nárì ló ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Ti akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi ìtumọ̀ tí a ń lò jù síwájú. Oxford ńlá, èyí tó pẹ́ jù ló ń kọ́kọ́ tò. Ọmọ tó bá mú nọ́ńbà kìíní níbẹ̀ fún gbólóhùn òde òní, ó ti gba òdo.

Akin_Ìjẹ̀bú: Ta ló tún ń lo "péye" yẹn lónìí? Ẹ má fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Olóotú_Ìbàdàn: "A nice distinction" ńkọ́? Ẹ bi àwọn lọ́yà. Ìyàtọ̀ tín-ín-rín ni, kì í ṣe ìyàtọ̀ tó wuyì. "Nicety", ìyẹn kúlẹ̀kúlẹ̀ tín-ín-rín, náà ṣì wà níbẹ̀.

Mọ́remí_k: "Silly" sì gba òdìkejì ọ̀nà. Alábùkún ni tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Jámánì ṣì ń pe alábùkún ní "selig". Ó di aláìlẹ́ṣẹ̀, ó di ẹni àánú, ó di aláìlágbára, ó wá di òmùgọ̀.

BàbáÌyábọ̀: Òyìnbó ló ba orúkọ rere jẹ́.

Tíṣà_SS3: Kò sẹ́ni tó bà á jẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sún mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin nìkan ló jìnnà síra.

Àdùkẹ́_Gírámà: "Nice" ni mo béèrè o!

Akin_Ìjẹ̀bú: "Awful" ló kàn 😂