Sẹ́ńsọ̀ inú omi: mẹ́séèjì ń sọnù, bátìrì ń tètè kú

Akẹ́kọ̀ọ́_Abẹ́òkúta:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Project àṣejáde ni mo ń ṣe, sẹ́ńsọ̀ tí a máa rì sínú omi dáàmù Ọ̀yán kó máa wo ọ́síjìn inú omi nítorí ẹja. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ṣì ti ń dán an wò, gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ tààrà sí èyí tó léfòó lójú omi. Mẹ́séèjì ń sọnù gan-an, tí mo bá sì ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́, bátìrì á kú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mi ò lè lo Wi-Fi ni?

Ará_Lafẹ́nwá:
Àbúrò, gbàgbé Wi-Fi. Ìgbì rédíò ló ń lò, omi sì máa ń gbé e mì kó tó rìn jìnnà, tòkun tó níyọ̀ tún burú ju ti Ọ̀yán lọ. Ohùn la máa ń lò, bíi míta 1500 ló sì ń rìn ní sẹ́kọ́ńdì kan, ìyẹn ni pé tí sẹ́ńsọ̀ ẹ bá sọ̀rọ̀ sí ibi tó jìn tó kìlómítà kan, kí èsì tó padà wá á ti lé ní sẹ́kọ́ńdì kan, kò sì ní lè sùn ní gbogbo ìgbà yẹn torí ó ń tẹ́tí. Agbára tó fi ń sọ̀rọ̀ wá pọ̀ ju èyí tó fi ń gbọ́ lọ fíìfíì. Títún ọ̀rọ̀ sọ ló ń pa bátìrì ẹ.

Ìyá_Ìbejì_Asẹ̀rò:
Òótọ́ ni. Má sì rò pé kóo fi kún agbára ẹ̀ ló máa tán an o, níbi tí omi ò bá ti jìn, ohùn á máa lu ìsàlẹ̀ á tún lu ojú omi, á wá máa dàrú mọ́ra wọn, bóo ṣe ń pariwo sí i náà ni gbohùngbohùn ń pọ̀ sí i. Jẹ́ kí àwọn sẹ́ńsọ̀ máa gba mẹ́séèjì lọ́wọ́ ara wọn. Wo Depth-Based Routing, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń darí mẹ́séèjì lábẹ́ omi, láti 2008 ló ti wà, sẹ́ńsọ̀ kàn máa ń wo bó ṣe jìn sísàlẹ̀ tó, èyí tó bá súnmọ́ òkè ju ẹni tó sọ̀rọ̀ lọ ló máa gbé e. Àwọn tòkè ló máa ń kọ́kọ́ kú ṣá, torí náà fi iye bátìrì tó kù kún ohun tóo fi ń yan ẹni tó máa gbé e.

Akẹ́kọ̀ọ́_Abẹ́òkúta:
Ẹ ṣé gan-an mà. Wákàtí wákàtí ni mo ní kí wọ́n máa fi ránṣẹ́, ṣé kí n dín in kù?

Ará_Lafẹ́nwá:
Dín in kù jàre. Ìdájí ni ọ́síjìn máa ń lọ sílẹ̀ jù, torí ewéko inú omi kì í pèsè ẹ̀ lóru, tẹja tewéko ló sì ń mí. Ọ̀sán, kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n fi pamọ́, kí wọ́n padà sùn. Tó bá ti ń lọ sílẹ̀ ni kí wọ́n sọ̀rọ̀, nígbà yẹn tún un sọ bóo ṣe fẹ́, torí ìyẹn gan-an lẹni tó lẹ́ja ń dúró de.